Aṣọ Dúùṣì Ìyá Mi

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní Okokomaiko ni Sísí Dúùṣì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ní orúkọ mìíràn, n kò sì bá wọn jà sí i mọ́.

Ilé tí mo gba yàrá sí ní Igbó-Elérin ló ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá kọjú sí yàrá ni wọ́n kọ́ ilé náà, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wa. Kò ní ilẹ̀kùn. Páànù kan ni wọ́n ń fà bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ á máa wúkọ́ tàbí kó máa fi agolo lu bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an, mo wọlé lọ wẹ̀, mo fọṣẹ bojú, mo dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ tí páànù ń wọ́ nílẹ̀, mo figbe ta.

"Ẹ má wọlé o! Mo wà ní dúùṣì!"

Páànù dúró. Ohùn ọkùnrin kan béèrè láti ìta pé, "O wà níbo?"

"Dúùṣì! Mo wà ní dúùṣì!"

"Níbo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé kì í ṣe inú balùwẹ̀ wa lo wà ni?"

Àwọn obìnrin tó ń fami nídìí kànga bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ kó ti Dúùṣì dé ná, ìrìn àjò jìn!" Nígbà tí n ó fi jáde, orúkọ ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo wọ yàrá mi lọ, mo sunkún díẹ̀, mo sì para.

Dúùṣì ni à ń pe balùwẹ̀ nílé wa ní Sàkẹ́tẹ́. Àwọn Faransé tó jọba lé wa lórí ló fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wa, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi tiwọn sílẹ̀ fún àwọn ará Èkó. Aṣọ tí a ń ta sójú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, rídò ni lẹ́nu wa. Ní Okoko, kọ́tíìnì ni. Yorùbá ni ìyá àti bàbá tó bí mi, n kò gbọ́ èdè mìíràn dáadáa tó o. Síbẹ̀ bí mo bá ti la ẹnu ní Okoko, wọ́n á ní, "Ẹ̀gùn ni ẹ́, àbí?" Ọkùnrin Ẹ̀gùn kan ní Alábà tilẹ̀ gbọ́ pé ará Kútọnu ni mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa tó ti òdìkejì bọ́dà wá, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ èdè wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ojú tì mí ju òun lọ.

Bí àwọn mìíràn bá ń ròyìn ìdálẹ̀, wọ́n á ní àwọn wọ bàálù, àwọn rí yìnyín. Tèmi kò ní yìnyín nínú. Ẹnubodè kan péré ló wà láàárín èmi àti ilé wa, mo sì ń gbọ́ igbe àwọn tó ń pèrò lọ síbẹ̀ láti orí ìjókòó mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Sẹ̀mẹ̀! Sẹ̀mẹ̀ bọ́dà!" Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń pe ọ̀nà ilé mi sí mi létí. N kò sì lè máa lọ bó ṣe ń wù mí, nítorí iṣẹ́, àti nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yẹn pọ̀, n kò ní páálí ìrìnnà kankan lọ́wọ́, ohùn mi nìkan sì ti tó láti tú mi fó. Mo rò pé ẹni tó wà nílùú òyìnbó lè gbàgbé ilé fún ọjọ́ kan. Èmi kò rí ọjọ́ náà.

Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni Mọ̀mí Ṣeun, ará Ìlaròó, aránṣọ tó ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Mọ̀mí náà ọmọ ìjọ ni. Èmi tí mò ń kírun ló wá ń rán aṣọ àdúrà fún wọn láti òwúrọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, òwú funfun á sì máa bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Èèyàn dáadáa ni Mọ̀mí Ṣeun, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kì í sinmi. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, wọ́n á ní mo ti ń rò nípa Kútọnu ni. Wọn kì í sì í parọ́.

Mo ti wà lọ́dọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú Ìyá mi. Apá òsì wọn kú, ẹnu wọn wọ́. Sàídátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló ń tọ́jú wọn. Adúmáadán ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Lọ́jọ́ kan, mo bi í lórí fóònù bí Ìyá ṣe ń wẹ̀.

"Adúmáadán, ẹ̀yìnkùlé la ti ń wẹ Ìyá báyìí. Dúùṣì ti há jù, àga wọn ò gba ẹnu rẹ̀ wọlé."

"Ní gbangba?"

"A máa ń tètè ṣe é láàárọ̀. Mo ń fi ìró bò wọ́n, ṣùgbọ́n atẹ́gùn á gbé e. Ẹ sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà mọ́ṣáláṣí gbà, àwọn tó ń lọ kírun á ti máa kọjá."

"Kí ni Ìyá ń sọ?"

"Wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn dijú."

Ó dùn mí dé egungun. Ìyá mi kì í ṣí èjìká lójú àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìró, a gbọ́dọ̀ kọjú sógiri. Wọ́n wá jókòó sórí àga nísinsìnyí lẹ́yìn ilé, ọṣẹ lára, wọ́n ń dijú kí wọ́n má bàa rí ẹni tó ń rí wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí nǹkan mìíràn tí mo ń wá láyé yìí ju ohun tí n ó fi bo Ìyá mi.

Àṣìṣe ló fi ohun náà hàn mí. Mọ̀mí Ṣeun ní oníbàárà kan, Àǹtí Fúnkẹ́, ìyàwó ṣọ́jà, tó ń ta ẹja tútù lọ́jà inú bárékè Ọ̀jọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní bárékè lọ sílé tuntun ní Ìbà. Ó pe fóònù ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Mọ̀mí Ṣeun wà ní ìsìn, èmi ni mo gbé e.

"Sísí, bá mi rán kọ́tíìnì ṣáwà kan. Aṣọ gidi ni mo fẹ́ o. Onírọ́bà tí mò ń lò ti hu, ó ń rùn."

Mo ní ó ti yé mi. Ṣáwà tí mo mọ̀ ni ẹja, èyí tí mò ń rà jẹ. Ẹlẹ́ja ló sì ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ní nǹkan ń rùn. Kí ni n ó tún béèrè? Mo wá aṣọ àwọ̀n fúnfẹ́lẹ́ funfun, mo rán an kó lè bo tábìlì ẹja, mo fi rọ́bà fífà sí i nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo lọ̀ ọ́, mo ká a dáadáa. Nígbà tí Àǹtí Fúnkẹ́ dé, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Kí lèyí?"

"Kọ́tíìnì ṣáwà yín ni, mà. Eṣinṣin kankan ò lè wọ̀ ọ́."

Ó wo aṣọ, ó wò mí, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Mọ̀mí Ṣeun, ẹ gbà mí! Ṣáwà tí mo ní kó rán nǹkan fún, omi ni! Omi tí a fi ń wẹ̀! Ó ti lọ ránṣọ fún ẹja!"

"Àá," ni mo wí, "dúùṣì!"

"Ó tún ti dé," ni Mọ̀mí Ṣeun wí.

Àǹtí Fúnkẹ́ mú aṣọ ẹja náà lọ, ó ní òun á lò ó, ó sì ń lò ó títí dòní. Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fún mi, mo sì lọ sílé rẹ̀ ní Ìbà lọ wọn ọ̀pá tí wọ́n ń fi aṣọ náà kọ́. Mo kọ́kọ́ fọ aṣọ kí n tó gé e, nítorí aṣọ òwú á sún kì bí omi bá kàn án lẹ́yìn tí a bá ti rán an tán. Mo jẹ́ kó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gígùn ọ̀pá, kó lè ṣẹ́ wálawàla, kó má nà tán bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo ṣẹ́ ẹnu òkè po dáadáa, mo sì ṣe ojú bọ́tìnnì sí i fún òrùka. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fa omi ìdọ̀tí mu. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ á wà níhà inú lọ́tọ̀ kí omi má bàa gba aṣọ kọjá. Gbogbo rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n bí a ṣe ta á, atẹ́gùn fèrèsé gbé e.

Mo rántí ìró tí Sàídátù sọ pé atẹ́gùn ń gbé. Mo dúró nínú balùwẹ̀ olówó yẹn, omi lé sí mi lójú.

Inú agolo mílíìkì kan lábẹ́ ibùsùn mi ni owó wẹ́wẹ́ onírin tí mo kó wá láti ilé wà. Kò sẹ́ni tó ń gbà á ní Okoko. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, mo rán wọn sínú ìṣẹ́tí aṣọ náà, ọ̀kan sí igun yìí, ọ̀kan sí igun yẹn, díẹ̀ sáàárín. Aṣọ náà wúwo, ó dúró. Bí ọwọ́ bá sì kàn án, àwọn owó náà á kanra, wọ́n á dún.

Mọ̀mí Ṣeun fetí sí i. "Owó ilé yín ṣì ń dún," ni wọ́n wí. "Tiwa ti di bébà tipẹ́."

Àwọn ará Ìbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Nígbà tí mo rí aṣọ tó ṣẹ́kù, mo rán ọ̀kan fún balùwẹ̀ ilé wa ní Igbó-Elérin, mo ká páànù kúrò. Ẹnì kan kò wúkọ́ mọ́, ẹnì kan kò lu bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá fọwọ́ kan aṣọ, á dún, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sì ké. Ọkùnrin tó wọ́ páànù lé mi lórí nígbà yẹn ló kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ tó kígbe sí ìyàwó rẹ̀ pé, "Mo wà ní dúùṣì o!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò rántí pé àlejò ni mí.

Ẹni tí mo fẹ́ bò gan-an kò tíì rí tirẹ̀. Mọ̀mí Ṣeun gbé aṣọ funfun tó ṣẹ́kù lára sùtánà kalẹ̀ fún mi, ó dáa, ó nípọn. "Gba èyí fún màmá ẹ. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

"Ẹ ṣé, mà. Mi ò lè fi funfun rán an."

"Kí ló ṣe funfun? Aṣọ mímọ́ ni."

N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó ń fi funfun yin Ọlọ́run. Nílé wa, bí ẹ bá rí aṣọ funfun tí wọ́n ta yí ẹ̀yìnkùlé ká, òkú ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀. Mo kàn ní Ìyá mi fẹ́ràn búlúù. Mo ra aṣọ òwú olódòdó búlúù, mo fọ̀ ọ́, mo rán an fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí a bá ti palẹ̀ mọ́. Mo da gbogbo owó tó kù nínú agolo sínú ìṣẹ́tí rẹ̀. Èmi tí n kò lè lọ ni mo rán aṣọ náà lọ, mo fi lé obìnrin kan tó ń ṣòwò lọ́nà ibẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti ṣàlàyé fún Sàídátù ibi tí wọ́n á ri igi mọ́lẹ̀ sí lẹ́yìn ilé, ibi tí okùn á gbà, àti bí wọ́n á ṣe gbé àga sáàárín.

Nígbà tó dé, mo pè. Wọ́n gbé fóònù sétí Ìyá mi.

"Ọmọ mi. Mo rí i." Ọ̀rọ̀ wọn ń wọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi. "Ó rẹwà. Mo ní kí wọ́n ta á sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀."

"Ìyá! Dúùṣì ni mo rán an fún!"

"Mo mọ̀. Sàídátù ti sọ fún mi. Ṣé irú aṣọ báyìí ni èèyàn á máa da omi ọṣẹ sí?"

"Kí ẹnikẹ́ni má bàa máa rí yín ni, Ìyá."

"Kí ni wọ́n fẹ́ rí lára arúgbó? Gbọ́. Àwọn tó ń wá kí mi ń bi mí pé ta ló rán an. Mo ní ọmọ mi tó wà ní Èkó ni. Bí wọ́n bá ta á sẹ́yìnkùlé, ta ni yóò bi mí?"

Wọ́n mí díẹ̀, wọ́n tún ní, "Bí ẹnì kan bá ń wọlé, tó bá dún, mo máa ń rò pé ìwọ ni."

Mo gbé fóònù kúrò létí, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹkún mi. Inú mi dùn, inú sì bí mi. Mo fẹ́ kí aṣọ náà bo Ìyá mi mọ́lẹ̀ lójú ayé, àwọn sì fẹ́ fi hàn ayé pé àwọn bí mi. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí èmi tí mo lọ rò pé wọ́n ṣaláìní, ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn tí mo fi sílẹ̀ ń wá. Bí mo bá wà nílé ni, ǹ bá mọ̀. Èyí ló ń pa mí lára jù nínú ìdálẹ̀: ìfẹ́ ń bẹ, ṣùgbọ́n orí fóònù ló ń gbà, kì í sì í débi tí a rán an.

Mo pinnu pé n ó rán òmíràn, èyí tí kò rẹwà rárá, tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ ta sí pálọ̀. Mo wá aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tó le gbagidi, mo sì sọ fún Mọ̀mí Ṣeun pé kí wọ́n má bá mi wá òdòdó kankan sí i. Aṣọ náà wà lórí máṣíìnì mi, mo ń ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀, nígbà tí fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Sàídátù ni. Kò pè mí ní Adúmáadán. Ó kàn ń sunkún.

Mọ̀mí Ṣeun gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì pa máṣíìnì mi. "Dìde," ni wọ́n wí. "Dìde, ọmọ mi. Máa lọ sílé." Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò gbọ́ kí wọ́n pè mí lọ́mọ rí. Àwọn fúnra wọn ló sin mí dé etí títì. Sẹ̀mẹ̀, Sẹ̀mẹ̀, ni àwọn tó ń pèrò ń ké, èmi ni wọ́n ń pè lọ́jọ́ náà.

Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Mo mọ̀ láti Okoko pé n kò ní bá Ìyá mi lókè ilẹ̀, síbẹ̀ mo ń bẹ dírẹ́bà kó yára. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Wọ́n ti sin wọ́n tán. Àwọn èèyàn jókòó sórí ẹní níwájú ilé, wọ́n dìde fún mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, mo na ọwọ́ kí n ta aṣọ náà sápá kan. Ọwọ́ mi kò kan nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà ṣófo.

"Aṣọ náà dà?" ni mo bi Sàídátù.

Ó mú mi lọ́wọ́, ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé.

Ibi tí mo júwe fún un lórí fóònù gan-an ni wọ́n ri igi sí, ibẹ̀ ni okùn gbà. Aṣọ búlúù olódòdó náà wà lórí okùn, ó yí àyè kékeré ká níbi tí àga Ìyá mi máa ń wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

"Àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n gbé aṣọ funfun wá," ni Sàídátù wí. "Mo ní rárá, Ìyá ní aṣọ tiwọn. Mo lọ já a ní pálọ̀. Adúmáadán, kò sẹ́ni tó rí wọn. Atẹ́gùn fẹ́, kò gbé e. Kò sẹ́ni tó rí wọn rárá."

Mo di aṣọ náà mú, mo fi bojú. Iṣẹ́ tí mo rán an ló ṣe, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Sàídátù fẹ́ ká a kúrò. Mo ní kó jẹ́ kó wà. Ó lọ bu omi wá fún mi kí n wẹ eruku ọ̀nà kúrò lára, mo sì wọ inú aṣọ náà, mo bọ́ra, mo jókòó sórí òkúta tó wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọjá lọ kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n sún mọ́ mi gan-an, n kò sì rí wọn, wọn kò rí mi. Mo fọṣẹ bojú. Lójijì ni owó inú ìṣẹ́tí dún.

"Mo wà ní dúùṣì!" ni mo ké.

Atẹ́gùn ni. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, mo ń retí kó tún dún.